Kílò mélòó ni ẹ̀rọ ìfọṣọ ń gbà gan-an? Ẹ bá mi tú nọ́ńbà yìí

Aláṣọ-Pọ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo fẹ́ rà, nọ́ńbà ara rẹ̀ ló fẹ́ yí mi lórí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, 9 kg ni wọ́n kọ sí i lára. Èkejì, tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, kò mẹ́nu kan kílò rárá, 4.5 cu ft ló wà lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà ní Kòríà, wọ́n ní 21 kg! Mo wo ẹ̀kẹta yìí síwá sẹ́yìn, mo fi wé ti Amẹ́ríkà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Mo ní kí n yí 4.5 yẹn sí kílò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé kan ní 8, òmíràn ní 12, òmíràn ní 20. Ta ló ń parọ́ nínú wọn? Àwa márùn-ún la wà nílé, méjì nínú àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, bùláńkẹ́ẹ̀tì wa ò sì kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá yé kó là mí lóye.

Ẹlẹ́nu-Mímú:
Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ rà. Ọ̀rọ̀ parí.

Òṣùwọ̀n:
Ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ti parí ẹ̀.

@Aláṣọ-Pọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò parọ́. Ohun tí kálukú ń wọ̀n ló yàtọ̀. Kílò ń sọ ìwúwo aṣọ gbígbẹ. Cu ft, ìyẹn kúbíìkì fíìtì, ń sọ bí inú ẹ̀rọ ṣe láyè tó kí aṣọ kankan tó débẹ̀. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tí gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Kúbíìkì fíìtì kan nìyẹn, ó ń gba omi lítà 28.3. 4.5 tẹ́ ẹ rí yẹn jẹ́ nǹkan bíi lítà 127.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn ní Amẹ́ríkà, torí ó dùn ún gbọ́. Ìlànà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, wọ́n á dà á dùbúlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè kọjú sókè. Wọn ò ní tú àwọn bóòtù tí wọ́n fi de ikùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀, kí ikùn má baà rì nígbà tí omi bá kún un. Wọ́n á tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀ nítorí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n lófìfo, wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á tún un wọ̀n. Ìwúwo omi yẹn ni wọ́n á ṣírò di kúbíìkì fíìtì. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ní ọ̀pá tó ń ru aṣọ láàárín, wọn ò ní yọ ọ̀pá náà, ọ̀rá ni wọ́n á fi bò ó, àyè tí ọ̀pá gbà ò sì ní wọnú ìṣirò.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí aṣọ kankan nínú gbogbo eré yìí? Omi ni wọ́n wọ̀n.

Ti Yúróòpù yàtọ̀ pátápátá. Kílò tó wà lára ẹ̀rọ níbẹ̀ ni aṣọ gbígbẹ tó pọ̀ jù tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lè fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lórí ètò ìfọṣọ tó dárúkọ. Ìdajì kílò ni wọ́n fi ń gùn ún: 7, 7.5, 8, 8.5. Àmọ́ ẹnu dídùn nìkan ò tó. Ohun tí iléeṣẹ́ bá pè é ni wọ́n á kó sínú rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò, aṣọ yẹn sì gbọ́dọ̀ mọ́ dé ìwọ̀n tí òfin béèrè.

Ìyá Ìbejì:
Òṣùwọ̀n, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n 9 kg kí ni? Aṣọ wo? Torí èmi ni ẹ̀rọ 9 kg wà nílé mi, n kò tíì rí ọjọ́ tí kílò mẹ́sàn-án wọ ibẹ̀ láìjà.

Òṣùwọ̀n:
Ibẹ̀ gan-an ni eegun ọ̀rọ̀ wà, Ìyá Ìbejì. Aṣọ òwú pọ́nńbélé ni: bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, àpò ìrọ̀rí, àti táwẹ̀lì. Kò sí jíìnsì níbẹ̀, kò sí súwẹ́tà, kò sí aṣọ bọ́ọ̀lù. Nǹkan pẹlẹbẹ tó ṣeé ká, tó sì ń tẹ̀ mọ́ra wọn.

Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ iná àti omi tí ẹ̀rọ ń lò, aṣọ àyẹ̀wò tiwọn jẹ́ àwọn ègé aṣọ kan náà tí ìbú wọn jẹ́ ínǹṣì 24, gígùn wọn ínǹṣì 36, ìdajì òwú, ìdajì políẹ́sítà. Bí aṣọ náà yóò ṣe pọ̀ tó, inú ẹ̀rọ ló ń pinnu rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú tábìlì wọn wà ní nǹkan bíi páùn mẹ́rin sí kúbíìkì fíìtì kan. Fún 4.5, nǹkan bíi páùn 18 nìyẹn, tí kò ju kílò mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ dúró ná, mo ń lọ wọ̀n ọ́n. Mi ò lè gba èyí gbọ́ láìfojú rí i.

Baba Àtúnṣe:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tú ẹ̀rọ ìfọṣọ palẹ̀. Kí n fi tèmi kún un.

Àwọn oníbàárà máa ń rò pé ìwúwo ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Kì í ṣe òun gan-an. Aṣọ tó kún dí kì í yí. Ohun tó ń fọ aṣọ nínú ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú ni gbígbé é lọ sókè àti jíjù ú sílẹ̀ padà sínú omi. Tí kò bá ti sí àyè tó lè já bọ́ sí, ó kàn ń bá ikùn ẹ̀rọ yí lọ bí ẹni sùn ni. Omi ò ní dé àárín rẹ̀, ọṣẹ á sì kù sínú ìṣẹ́po. Ẹ ó kó o jáde, ẹ ó rí ojú funfun lára aṣọ dúdú, ẹ ó ní ọṣẹ ò dáa.

Èyí tó ń pa ẹ̀rọ ni aṣọ kan ṣoṣo tó wúwo: kápẹ́ẹ̀tì ilé ìwẹ̀ tó ní rọ́bà lábẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan tó ti mumi yó. Ó máa ń dá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó bá tó àkókò àtifún omi kúrò, ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tó lọ́gbọ́n á dúró, á tún un gbìyànjú, á sì fi aṣọ sílẹ̀ tutù rinrin fún yín. Èyí tí kò lọ́gbọ́n, bíárìn àti sọ́kù rẹ̀ ló ń jẹyà. Mo ti ṣí ọ̀kan rí tí ikùn rẹ̀ ti ń ha ara òde títí ó fi gé rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn bí ọ̀bẹ. Ẹni tó ni ín búra pé òun kì í kó aṣọ púpọ̀ sí i. Òótọ́ ló sọ, kápẹ́ẹ̀tì kan péré ni.

Ẹlẹ́nu-Mímú:
Baba, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹ̀rọ 21 kg ló dáa jù fún bùláńkẹ́ẹ̀tì? Kílò púpọ̀, àyè púpọ̀.

Òṣùwọ̀n:
Kì í ṣe kílò ló máa sọ ìyẹn fún yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni 8, 12 àti 20 tí Aláṣọ-Pọ̀ rí ti wá.

Ẹ̀rọ 9 kg tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, ikùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín lítà 60 sí 65. Ẹ pín in: nǹkan bíi lítà méje ló kan kílò aṣọ kan. Híhá ni wọ́n há a. Tí ẹ bá wá fi ìlànà ìháfún yẹn pín lítà 127 ti Amẹ́ríkà, ẹ ó bọ́ sí nǹkan bíi 18 sí 20 kg. Ojú ewé tó ní 20 nìyẹn.

Ẹni tó ní 8, tábìlì àyẹ̀wò Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló lò. Níbẹ̀, nǹkan bíi lítà 15 ló kan kílò kan. Aṣọ ń mí dáadáa.

Ẹni tó ní 12, mo fura pé ìlànà àwọn onílọ́ńdìrì ló bá lọ, lítà mẹ́wàá sí kílò kan. Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà á sọ.

Ẹ̀rọ kan náà ni o. Ikùn kan náà. 8, 12, 20, kò sí èyí tó burú nínú wọn, ẹni tó ń kà á ló yàtọ̀. Ìdí sì nìyẹn tí ti Kòríà fi lè jẹ́ 21 kg láìga ju ti Amẹ́ríkà lọ: tí inú rẹ̀ bá tó lítà 127, lítà mẹ́fà péré ló fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Onílọ́ńdìrì:
Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Nínú iṣẹ́ wa, lítà mẹ́wàá sí kílò kan ló wọ́pọ̀, àwọn kan máa ń lo mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ iṣẹ́ tí ikùn rẹ̀ jẹ́ lítà 65, 6.5 kg tàbí 7 la ń pè é. Irú ikùn yẹn gan-an, tí wọ́n bá gbé e wọ ẹ̀rọ ilé, wọ́n á lẹ 9 mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹ̀rín pa mí.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ẹ̀rọ wa ò gbọdọ̀ lo ju wákàtí kan lọ lórí aṣọ, torí oníbàárà ń dúró. Ẹ̀rọ ilé lè máa rọra yí fún wákàtí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ń lé e. Àkókò gígùn ló fi ń dí àyè tí kò sí.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti padà dé. Ẹ gbọ́ o.

Mo gbé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara sílẹ̀. Mo gùn ún lọ́wọ́ òfo, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbé agbọ̀n aṣọ mọ́yà, mo tún gùn ún, mo yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, mo yọ ti agbọ̀n náà. Táwẹ̀lì ńlá mẹ́fà: 3.6 kg. Jíìnsì mẹ́rin: 2.7. Mo kó wọn wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wù àwọn ọmọ kún un. Nígbà tó fi máa dé 6.9, àtẹ́lẹwọ́ mi ò ráyè wọlé lókè aṣọ mọ́. Ilẹ̀kùn ṣì lè pa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi nìkan ni mo ń tan ara mi.

Mo wá kó gbogbo rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti àpò ìrọ̀rí nìkan ni mo wá kó sí i, mo ká wọn pẹlẹbẹ. 8.4 kg wọlé, kò sì fún mi níṣòro. Ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà! Ìbéèrè mi ti dáhùn ara rẹ̀: 9 kg wà níbẹ̀ lóòótọ́, ti ẹni tó ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì láti àárọ̀ dalẹ́.

Baba Àtúnṣe:
Ìyá Ìbejì, o ṣe é bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn gan-an ni òṣùwọ̀n mi látọjọ́ yìí. Tó bá jẹ́ aṣọ òwú, kí àtẹ́lẹwọ́ tí o nà lè wọ àárín aṣọ àti òkè ikùn ẹ̀rọ. Políẹ́sítà, kó má ju ìdajì ikùn lọ. Wúùlù àti nǹkan ẹlẹgẹ́, ìdá mẹ́ta, kí o tún rọra.

Ẹyẹ-Àjò:
Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan nǹkan kan: nọ́ńbà iwájú ẹ̀rọ, ètò kan ṣoṣo ló wà fún, ti aṣọ òwú. Ẹ ṣí ìwé ìlò ẹ̀rọ yín, ẹ wá tábìlì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ 9 kg lè kọ 4 síwájú políẹ́sítà, 2 síwájú wúùlù, 3 síwájú ètò kíákíá. Ọ̀pọ̀ ló ń kó aṣọ kún ètò kíákíá dẹ́nu, tí wọ́n tún ń bínú pé àbàwọ́n ò jáde.

Ní Japan tí mo ti gbé rí, kílò aṣọ gbígbẹ náà ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní ìṣirò kan tí mo fẹ́ràn: nǹkan bíi 1.5 kg aṣọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan. Aláṣọ-Pọ̀, ẹ̀yin márùn-ún nìyẹn, 7.5 kg lójúmọ́. Tí ẹ bá ń fọṣọ lójoojúmọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ni kò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Tí ẹ̀rọ yín bá ń fọ̀ tó tún ń gbẹ aṣọ, nọ́ńbà méjì lẹ máa rí, bíi 12/6. Ó lè fọ 12, ṣùgbọ́n 6 péré ló lè gbẹ. Aṣọ gbọ́dọ̀ tú ká kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó lè kọjá láàárín rẹ̀. Ìdajì yòókù, ẹ̀yin lẹ máa kó o jáde, ní tútù.

Ẹlẹ́nu-Mímú:
Mo gbà, ẹ ti borí mi. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí wọn ò fi wọ̀n ọ́n ní tútù. Ṣebí tútù ni ẹ̀rọ máa gbé e?

Òṣùwọ̀n:
Torí tútù kì í dúró síbì kan. Táwẹ̀lì kan náà, tí ẹ bá yọ ọ́ nínú omi báyìí, ó lè ju ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fún un, ó wálẹ̀. Políẹ́sítà kì í mu tó òwú rárá. Gbígbẹ nìkan ni ibi tí gbogbo wa lè fẹnu kò sí.

Olówó-Iná:
Ẹ jẹ́ n fi kinní kan kún un fún ẹni tó ń fi lébẹ́ẹ̀lì wé lébẹ́ẹ̀lì. Kílò nìkan kọ́ ló ń yí padà láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, iná tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ náà ń yí. Lébẹ́ẹ̀lì Yúróòpù àtijọ́, tó ní A+++, iná ọdún kan ló ń sọ, wọ́n sì kà á sí ìfọṣọ 220. Èyí tó wọlé ní 1 oṣù kẹta ọdún 2021, tó ń lọ láti A dé G, ìfọṣọ 100 ló ń sọ. Ọsirélíà ní tiwọn kà á sí ìfọṣọ kan lójoojúmọ́, 365 lọ́dún. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà mẹ́ta yẹn wéra bẹ́ẹ̀ á rò pé ẹ̀rọ Ọsirélíà ń jẹ iná bí iná oko.

Ohun tó dáa nínú ti 2021 ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ tó kún nìkan ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ń kó o kún, wọ́n ń kó o dé ìdajì, wọ́n tún ń kó o dé ìdá mẹ́rin, torí wọ́n mọ̀ pé àwa ènìyàn kì í kún un. Ètò tí wọ́n fi ń ṣe é ń jẹ́ Eco 40-60. Lórí ẹ̀rọ ńlá ó lè lé ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀ tó bá kún, ẹ má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣọ́ra fún Kánádà náà o. Àbúrò mi rí ẹ̀rọ kan níbẹ̀, 5.2 cu ft. Ẹni tó ń tà á ní ó tóbi ju 4.5 ti Amẹ́ríkà lọ dáadáa. Nígbà tá a wò ó fínnífínní, ẹ̀rọ kan náà ni! Wọ́n fi lẹ́tà IEC kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ 5.2, ìyẹn ìlànà àjọ àgbáyé tó ń ṣe òdiwọ̀n nǹkan oníná. 4.5 jẹ́ ti ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà. Inú rẹ̀ ò fi ìka kan tóbi sí i.

Òṣùwọ̀n:
Ẹ ṣeun. Kúbíìkì fíìtì pẹ̀lú kúbíìkì fíìtì ń ja ara wọn, ẹ tún wá fẹ́ kí kílò bá wọn rẹ́. Èmi, tí mo bá fẹ́ fi méjì wéra, nǹkan kan ni mo máa ń béèrè: ikùn rẹ̀ jẹ́ lítà mélòó, ìlànà wo ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n? Lítà ò sọ bí aṣọ á ṣe mọ́ tó, ṣùgbọ́n ó máa sọ fún yín bóyá bùláńkẹ́ẹ̀tì á ráyè yí. Ẹ tún lè fojú ara yín wò ó: ẹ ká bùláńkẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù nílé, ẹ gbé e dání lọ, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tì í wọnú ẹ̀rọ tí wọ́n fi sóde. Tó bá jẹ́ pé ipá lẹ fi tì í kó tó wọlé ní gbígbẹ, kò ní yí nígbà tó bá tutù.

Aláṣọ-Pọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Mo wọn aṣọ ọjọ́ méjì wa bí Ìyá Ìbejì ṣe wí: 11.2 kg, ṣùgbọ́n tí mo bá pín in sí funfun, aláwọ̀ àti aṣọ bọ́ọ̀lù, kò sí òkìtì tó kọjá 5. Èyí tó wúwo jù jẹ́ 4.8. Mo béèrè lítà ẹ̀rọ 9 kg yẹn, ẹni tó ń tà á ní òun ò tíì gbọ́ ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ó lọ ṣí ìwé: 63. Fún aṣọ ojoojúmọ́, ó tó mi, ó tún ṣẹ́ kù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò gbà. Mo tì í títí, ìdajì rẹ̀ wà níta. Èyí tí wọ́n kọ 4.5 sí gbà á tán, ó tún láyè lókè. Ọkàn mi ti ń lọ sọ́dọ̀ ti Amẹ́ríkà yìí o.

Baba Àtúnṣe:
Kò burú. Ṣé o ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá iná 120 ló ń lò? Ti Amẹ́ríkà ni, fóòtì 120 àti 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí iná ilé rẹ bá jẹ́ 230, má kì í bọ̀ ọ́ o.

Aláṣọ-Pọ̀:
Yéè. N kò wò ó. Ti Kòríà ńkọ́, Baba?

Baba Àtúnṣe:
220 ni tiwọn, 60 Hz. Bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe é kó lè lo 50 pẹ̀lú, kó wà lákọsílẹ̀, má gba ti ẹnu. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Ti Yúróòpù fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Àwọn oníkùn ńlá yìí, ínǹṣì 27 ni wọ́n máa ń fẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 68. Ilẹ̀kùn ibi tí o fẹ́ gbé e sí fẹ̀ tó mélòó?

Aláṣọ-Pọ̀:
Ẹ jẹ́ n wá téèpù, Baba. Mo ń bọ̀.